Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì ní Àgbádárìgì, àti ẹlẹ́ṣin tí mo bá nínú páálí rẹ̀

Bí rédíò inú ọkọ̀ yín bá ṣì jẹ́ oníkásẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹni tó bá ti fi Bluetooth rọ́pò tiẹ̀, kó máa lọ jẹ́jẹ́. Ìsọ̀ kan wà ní Àgbádárìgì, téèyàn bá bọ́ sílẹ̀ ní ráńdábáòtù tó sì kọjú sí ọ̀nà ọjà, tí wọ́n ti ń ta kásẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀, tí wọ́n sì ń tún ẹ̀rọ tó ń lò ó ṣe. Kò ní pátákó. Gbohùngbohùn ńlá kan tí aṣọ ojú rẹ̀ ti ya dànù ló wà lẹ́nu ọ̀nà, òun ló ń pe oníbàárà. Àwa tí à ń ná Mile 2 sí Àgbádárìgì kì í pe ẹni tó ni ín ní orúkọ mìíràn ju Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì lọ. Bàbá kò mọ̀ pé mò ń kọ eléyìí. Tó bá mọ̀, á bu ₦500 lé ọjà.

Ohun tó kọ́kọ́ gbé mi débẹ̀ kì í ṣe orin. Rédíò ọkọ̀ mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ kásẹ́ẹ̀tì. Wàásù o, fújì o, kò ṣojúsàájú. Bó bá ti yí díẹ̀, á fa okùn inú rẹ̀ jáde bí ìfun adìẹ, á sì dákẹ́. Rìwáyà kan ní Okokomaiko ní kí n yọ ọ́ jù nù, kí n ra ti China tó ń lo flash. Owó tó dá lé e tó ra táyà tòkunbọ̀ kan. Mo ní ẹ ṣeun, mo wakọ̀ mi lọ.

Bàbá tú u lójú mi, ó sì ń fi ẹnu ṣàlàyé bí ọwọ́ ṣe ń lọ. Bẹ́líìtì tó ń yí apá ibi tí okùn ń kó sí ló ti fẹ̀. Okùn ń jáde láti apá kan, èkejì tó yẹ kó gbà á kò yí bó ṣe yẹ, òun ló fi ń wé mọ́ róbà tó wà láàárín. Ó wé òwú mọ́ igi ìgbálẹ̀, ó tì í bọ spírìtì, ó fi nu ẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ibi tó ń ka okùn, àti róbà náà. Òwú funfun jáde ní dúdú. Ó pààrọ̀ bẹ́líìtì, ó fi kásẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ dán an wò, kì í ṣe tèmi, ó ní tó bá jẹ ẹ́, òun ni kó jẹ tòun. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦3,500. Títí di òní, kò tún jẹ nǹkan kan mọ́.

Ó tún fi ìmọ̀ràn lé e. Ó ní kí n yé kó kásẹ́ẹ̀tì sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, pé oòrùn ọ̀sán máa ń ká a kò. Ó ní èyí tó bá ti pẹ́ nílẹ̀, kí n kọ́kọ́ yí i dé òpin, kí n yí i padà, kí n tó gbọ́ ọ, torí pé okùn tó jókòó sójú kan fún ọdún púpọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ra. Ó ní ti oníṣẹ́jú 90, okùn rẹ̀ tín-ín-rín ju ti 60 lọ, ẹnu rédíò ọkọ̀ kọ́ ni ibi tó yẹ ẹ́, pàápàá lójú ọ̀nà tiwa. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà wa: ibì kan á dán, ibì kan á gbé èèyàn sọ lókè, á sì tún gbà á.

Ní ti ọjà, ara ògiri ló kó fújì, àpàlà, sákárà àti jùjú sí. Orin ìyìn àwọn Ègùn ní àyè tirẹ̀. Wàásù àwọn ààfáà àti ti àwọn pásítọ̀ kọjú síra, wọn kò sì bá ara wọn jà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Abẹ́ tábìlì ni àwọn páálí tó ń bá rédíò àti fáànù tòkunbọ̀ wọlé láti Kútọnu wà, ibẹ̀ ni orin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní country wà: Jim Reeves, Don Williams, Kenny Rogers, Dolly Parton. Ní ilé tiwa, Jim Reeves fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mọ̀lẹ́bí. Bàbá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí ọkùnrin yẹn bá ti la ẹnu láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀.

Ọwọ́ mi wà nínú páálí yẹn, mò ń wá Don Williams, nígbà tí mo fa ọkùnrin onífìlà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan jáde. Chris LeDoux ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mi ò gbọ́ orúkọ náà rí. Bí mo ṣe fẹ́ dá a padà ni Bàbá gbé ojú sókè.

"Ṣó o mọ ohun tó o gbé sílẹ̀ yẹn? Ẹlẹ́ṣin ni. Ó gun ẹṣin gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo ayé kó tó di pé ó ń kọrin jẹun."

Mo ní, "Bàbá, ẹ má ta mí lórí."

Ó ní, "Àbúrò Jim Reeves ni."

Ibi tí ọ̀rọ̀ Bàbá máa ń bàjẹ́ sí nìyẹn. Ó mọ ẹ̀rọ, ó mọ orin, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ tajà, á fi ìbátan lé e. LeDoux kì í ṣe àbúrò Jim Reeves lọ́nàkọnà. Jim Reeves, ọmọ Texas, bọ́ọ̀lù àfigigbá tí wọ́n ń pè ní baseball ló ń gbá kí ẹsẹ̀ tó ṣe é, tó fi bá iṣẹ́ rédíò àti orin lọ, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó ń wà fúnra rẹ̀ ló sì bá lọ ní 1964. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni LeDoux wà nígbà náà. Ìlú Biloxi ní Mississippi ni wọ́n bí i sí ní 1948, ọmọ sójà òfuurufú, èyí tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n bá gbé bàbá rẹ̀ lọ ni wọ́n ń kó lọ. Ṣùgbọ́n ti ẹṣin yẹn, òtítọ́ ni Bàbá sọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbi ẹṣin yìí díẹ̀, torí òun ló mú mi sanwó. Ẹ ti rí àwọn ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta Iléyá: gàárì olówó iyebíye, ìjánu, aṣọ tó ń kọ mànà, ẹṣin tó mọ olówó rẹ̀, tó ń jó sí ìlù. Rodeo, ìdíje gígun ẹṣin àti màlúù tí kò gbọ́ràn tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe ìyẹn. Nínú irú èyí tí LeDoux ń ṣe, kò sí gàárì, kò sí ìjánu. Awọ kan tó ní ibi ìdìmú ni wọ́n so mọ́ ẹṣin náà lẹ́yìn èjìká, ọwọ́ kan ṣoṣo ni èèyàn sì máa fi dì í. Ọwọ́ kejì gbọ́dọ̀ wà lókè. Bó bá fara kan ẹṣin, tàbí kó fara kan ẹni tó ń gùn ún pàápàá, máàkì ti lọ nìyẹn. Wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn, ẹṣin á máa tàpá, á máa ta sókè, á fẹ́ kí nǹkan tó wà lẹ́yìn òun kúrò. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ ni kí èèyàn fi wà níbẹ̀. Bó bá pé keje tẹ́ ẹ bọ́, ẹ kò ṣe nǹkan kan.

Èyí tó dùn mọ́ mi nínú jù ni pé nínú máàkì 100, 50 jẹ́ ti ẹṣin. Bí ẹṣin bá rọra, tó ń fò lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, ẹni tó gùn ún kò lè yege, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n gùn tó. Nítorí náà, ẹṣin tó le jù ni wọ́n ń fẹ́ kó bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Owó ara wọn ni wọ́n sì fi ń wọlé. Wọ́n á san owó ìforúkọsílẹ̀, wọ́n á ra epo, wọ́n á wakọ̀ láti ìlú dé ìlú ní gbogbo òru, bí wọn kò bá sì yege, kò sẹ́ni tó máa fún wọn ní kọ́bọ̀. Àwa tí à ń jíṣẹ́ owó fún olówó ọkọ̀ lálaalẹ́, yálà èrò wà tàbí kò sí, ìyẹn kò nílò àlàyé létí wa. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ni LeDoux rìn títí ó fi di ọ̀gá gbogbo ayé nínú gígun ẹṣin aláìnígàárì ní 1976.

Orin rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Owó epo àti owó ìforúkọsílẹ̀ ló ń wá. Ó ń kọ orin nípa ohun tó ń ṣe, bàbá àti ìyá rẹ̀ bá a dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní American Cowboy Songs, òun alára á kó kásẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn ọkọ̀, á tà á níbi tí wọ́n ti ń gun ẹṣin. Ẹni tó rí i tó ṣubú lọ́sàn-án ló ń ra orin rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kí 1989 tó dé òpin, ó ti gbé àwo orin 22 jáde báyìí, láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ American Cowboy Songs yẹn gan-an ló wà lára kásẹ́ẹ̀tì tí mo rà. Èmi kò mọ ọ̀nà tó gbà dé Kútọnu. Ẹnì kan ti lò ó dáadáa, torí ìka ọwọ́ ti pa lẹ́tà ara rẹ̀ rẹ́ ní apá kan.

Ẹ má jẹ́ ká máa wò ó bí ohun àrà. Ọdún 1948 yẹn náà ni wọ́n bí Sikiru Ayinde Barrister, ọ̀kan ní oṣù Kejì, èkejì ní oṣù Kẹwàá. Sójà ni Barrister, ó ja ogun abẹ́lé kó tó fi aṣọ ìjọba sílẹ̀ fún fújì. Kó tó dìgbà tí LeDoux ń kó kásẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn ọkọ̀, Haruna Ishola àti I.K. Dairo ti dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1969, STAR Records, kí òyìnbó má bàa máa pín owó wọn fún wọn. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá pé ẹlẹ́ṣin yìí àti Barrister jẹ́ ẹgbẹ́, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí mo tún débẹ̀, ó ti ń sọ ọ́ fún oníbàárà mìíràn bíi pé òun ló wá a rí. Ó sì ti fi kún un pé ìbejì ni wọ́n.

Wàyí o, orin náà fúnra rẹ̀. Ẹ má retí Jim Reeves. Ohùn LeDoux kò ní òróró. Eruku wà nínú rẹ̀. Ibi tó yẹ kí ohùn lọ sókè, nígbà mìíràn kì í débẹ̀, kì í sì í tijú. Gìtá, fàyólìnì, ìlù díẹ̀, ó tán. Gìtá kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ lù, tí ohùn rẹ̀ máa ń yọ̀ bí ẹni ń sunkún. Bí àwọn èrò bá gbọ́ ọ, wọ́n á ní ohùn òyìnbó. Ẹ bi wọ́n léèrè kí ni Demola Adepoju ń lù nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé. Òun kọ́ yẹn?

Àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni mo fi ń gbé e sí i. Mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń yára sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ tó mi: ọ̀nà gígùn lóru, owó tó tán, ìyàwó tó wà nílé, egungun tó ń dun èèyàn láàárọ̀. Ọ̀pọ̀ akọrin country ló ń dé fìlà yẹn tí wọn kò gun nǹkan kan rí. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ eléyìí, ẹ máa mọ̀ pé ìdí rẹ̀ ti kan ilẹ̀.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé orin rẹ̀ jọra. Nígbà tó bá fi máa dé apá kejì kásẹ́ẹ̀tì, ẹṣin ti pọ̀ jù. Àwọn èrò ọkọ̀ mi kò sì gbà á bíi tèmi. Tí mo bá gbé Don Williams sí i, gbogbo wọn á sùn dé Àgbárá. Tí mo bá gbé LeDoux sí i, mọ́mì kan tó máa ń bọ́ ní Àjárá á ní, "Dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa bàbá tó ń sáré yìí." Kọ̀ndọ́ mi náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ní "yee-haw" lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, èyí tí mi ò rán an.

Bàbá tún ní kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó jáde lẹ́yìn ìgbà tí nǹkan yí padà. Ní 1989 yẹn, Garth Brooks, akọrin country mìíràn, gbé orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, ó sì dárúkọ kásẹ́ẹ̀tì Chris LeDoux tó ti gbó nínú rẹ̀. Gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé ta ni. Kò pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ńlá fi wá a rí, àwo àkọ́kọ́ tó ṣe fún wọn jáde ní 1991, èyí tí òun àti Garth jọ kọ ní 1992 sì wọ inú mẹ́wàá àkọ́kọ́ lórí àtẹ orin country. Ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún! Ó wá di pé ó ń gun màlúù onírin lórí pèpéle, tí wọ́n ń ta iná sókè lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn dún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ìlù pọ̀ nínú wọn. Ó dára fún gó-sìlóò Mile 2 nígbà tí gbogbo ọkọ̀ ń fọn fèrè. Mo fẹ́ràn ti àtijọ́ jù. Ti àtijọ́, ó dà bíi pé ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń dun ún.

Ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ dà á láàmú. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún un ní 2000. Garth Brooks ti ní kí wọ́n gé lára tòun fún un, ṣùgbọ́n kò bá a mu. Jẹjẹrẹ ọ̀nà òróòro ló pa á ní oṣù Kẹta 2005, ẹni ọdún 56. Ned, ọmọ rẹ̀ tó ń lu ìlù lẹ́yìn rẹ̀, ń kọrin báyìí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi Cody Johnson hàn mí lórí fóònù, ọmọ Texas tó gun akọ màlúù, tó tún ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, tó fi owó ara rẹ̀ gbé orin jáde títí ilé-iṣẹ́ orin Warner fi wá bá a. Ọ̀nà kan náà ló gbà. Ohùn tiẹ̀ dára jù, mi ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ bi Bàbá. Ohun tí kò bá wọ inú kásẹ́ẹ̀tì, kò sí láyé lójú tirẹ̀.

Ó yá, àwọn ohun tí kò dáa ní ìsọ̀ yìí. Ooru ni àkọ́kọ́. Fáànù tòkunbọ̀ kún ibẹ̀, kò sí èyí tó ń yí. Tí wọ́n bá mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà gan-an, èéfín rẹ̀ ni ẹ máa fi gbọ́ orin. Páálí abẹ́ tábìlì kò ní ètò kankan, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ títí ẹ̀yìn á fi dùn yín. Kì í gba owó báńkì, ó ní áláàtì ti já òun kulẹ̀ rí, nítorí náà ẹ mú owó dání. Ọjọ́ Jímọ̀, tó bá ti jáde fún ìrun, ẹ má dúró dè é. Ọ̀nà mọ́sálásí sí ìsọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ tó pọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù. Don Williams jẹ́ ₦1,000. LeDoux, ó pè é ní ₦1,500 fún mi, ó ní kì í wọ́pọ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n mo rí bó ṣe wo ojú mi kó tó dárúkọ iye. Bí ẹ bá rí ohun tó wù yín, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ mú mẹ́ta tí kò wù yín mọ́ ọn. Tàbí kẹ́ ẹ rán kọ̀ndọ́.

Síbẹ̀, Bàbá kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó gbọ́. Á fi sí ẹ̀rọ, á gbé apá kìíní, á gbé apá kejì, á yí i síwá sẹ́yìn. Nígbà tó gbé tèmi sí i, òun fúnra rẹ̀ ló fi hàn mí pé orin kẹta ní apá kejì ń rì bíi pé wọ́n fi aṣọ bò ó. Mi ò tíì gbọ́ ọ rárá. Ó yọ ₦300 kúrò. Mi ò mọ oníṣòwò mélòó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn.

Kì í dà orin kọ sínú flash, bó ti wù kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ tó. Àwọn ọmọkùnrin tó wà ní ráńdábáòtù ń ṣe é, orin ẹgbẹ̀rún kan fún owó tí kò tó nǹkan. Àwọn kan ní kò sí ìyàtọ̀, pé tòkunbọ̀ náà kò rán kọ́bọ̀ kankan lọ sílé olórin. Mo gbà bẹ́ẹ̀ dé àyè kan. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ mi yìí, ẹnì kan ti sanwó rẹ̀ fún ẹni tó kọ ọ́ rí, bóyá lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn gan-an. Ti flash, kò sẹ́ni tó sanwó fún ẹnikẹ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ń lọ, kó lọ kó tó di ọ̀sán, kó mú rédíò rẹ̀ dání tó bá ń ṣe é ní nǹkan kan, torí owó bẹ́líìtì rẹ̀ dáa ju ti ibikíbi tí mo mọ̀ lọ. LeDoux méjì ló ṣẹ́ kù nínú páálí nígbà tí mo kúrò níbẹ̀ kẹ́yìn. Èyí tí wọ́n fi téèpù lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má rà á, okùn rẹ̀ ti já rí. Èkejì, mo ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀.